Ọlọ́run ò jẹ́ kí n sin Tanímọ̀la sínú aṣálẹ̀, ẹ bá mi dúpẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ bá mi yin Olúwa! Ẹ tún bá mi yìn ín sí i! Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ẹ̀rí yìí nípa Tanímọ̀la ajá wa tí ejò ṣán, tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí omi á dà lójú mi, máa tún gbé fóònù sílẹ̀, àmọ́ àwọn àgbà ní tí a bá dúpẹ́ oore àná a ó rí òmíràn gbà, torí náà mo ní kí n jókòó kọ ọ́ tán lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ṣé orí ajá náà ni gbogbo ariwo yìí dá lé, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ kà á dé ìsàlẹ̀.

Oregon ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé nílẹ̀ Amẹ́ríkà níbí, a ní ajá méjì, Dúdú tó jẹ́ àgbà àti Tanímọ̀la tó jẹ́ àbúrò ẹ̀. Ohun tí a fẹ́ràn jù láyé ni ká di ẹrù sẹ́yìn mọ́tò ká gba apá ìlà oòrùn lọ, ká lọ pàgọ́ sí aṣálẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá gbọ́ aṣálẹ̀, yanrìn Sàhárà ló máa ń wá sí wọn lọ́kàn, ti ibí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o, ilẹ̀ gíga ni, ibi tí à ń lọ yẹn ga tó nǹkan bíi ẹsẹ̀ bàtà 4,000 ju òkun lọ, oòrùn á ta èèyàn gan-an lọ́sàn-án, tó bá di òru wẹ́ẹ́ òtútù á máa gé èèyàn nínú ẹ̀wù, kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Igi ò pọ̀ níbẹ̀, igbó kúkúrú kan tí wọ́n ń pè ní sagebrush, aláwọ̀ eérú, tó ń ta sánsán, òun ló bo gbogbo ilẹ̀.

Ibi tí a wà lọ́jọ́ náà ni Alvord. Adágún omi àtijọ́ tó ti gbẹ ni, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ilẹ̀ ẹ̀ funfun, ó sán káàkiri, gígùn ẹ̀ tó máìlì 12, fífẹ̀ ẹ̀ tó máìlì 7, òkè Steens sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 9,700, òkè yẹn ló máa ń gba òjò dúró tí nǹkan bíi íǹṣì 7 péré fi máa ń rọ̀ sí Alvord lọ́dún kan odindi. Tí òjò bá wá rọ̀ náà, ẹ má gbé mọ́tò wọ ibẹ̀ o, ẹrẹ̀ ẹ̀ máa gbé táyà mì. Ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ni, iléeṣẹ́ ìjọba kan tí wọ́n ń pè ní BLM ló ń bójú tó o, èèyàn lè pàgọ́ síbẹ̀ fún ọjọ́ 14 láìsan kọ́bọ̀, wọ́n sì gba ajá láyè, ìyẹn gan-an ló ń gbé wa lọ. Torí ẹni tó bá ti mú ajá lọ sí Joshua Tree, ọgbà ìjọba kan ní California, á mọ̀ pé wọn ò gbà kí ajá gun ọ̀nà ẹsẹ̀ inú ọgbà yẹn, etí títì àti ibi ìpàgọ́ ni wọ́n ti lè fẹsẹ̀ rìn, okùn ọrùn wọn ò sì gbọ́dọ̀ gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ. Ní Alvord, ajá á rí ibi ìran tí ojú ẹ̀ ò lè ká. Tanímọ̀la máa ń sáré níbẹ̀ títí á fi di àmì dúdú kékeré lọ́ọ̀ọ́kán, á tún sáré padà wá. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí i kẹ́ ẹ tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ni. A pàgọ́ sí etí adágún yẹn, níbi tí ilẹ̀ funfun parí sí tí sagebrush bẹ̀rẹ̀. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀, mo fi okùn mú àwọn méjèèjì lọ tọ̀ lẹ́yìn àgọ́. Mi ò gbọ́ nǹkankan. Rattlesnake ni ejò náà, èyí tí ìdí ìrù ẹ̀ máa ń dún bíi ṣẹ́kẹ́rẹ́, gbogbo èèyàn ló rò pé ó gbọ́dọ̀ dún kó tó ṣe èèyàn ní nǹkan, irọ́ ni o, kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń kìlọ̀. Abẹ́ sagebrush ló wà, lásìkò tí ilẹ̀ bá ti ń tutù díẹ̀ báyẹn ni wọ́n máa ń jáde wá oúnjẹ. Tanímọ̀la ti imú bọ abẹ́ igi yẹn bí ajá ṣe ń ṣe, ló bá figbe ta, irú igbe tí mi ò gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí a ti gbà á, ìgbà tí ejò yẹn wá ṣán an tán ni ìrù ejò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń dún. Mo pariwo Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Mo fa okùn, Dúdú ti dúró síwájú mi ó ń gbó ejò yẹn kíkan kíkan, kò jẹ́ kí n sún mọ́ ibẹ̀, àní ajá yẹn fi ara ẹ̀ dínà fún mi ni. Nígbà tí mo máa fi gbé Tanímọ̀la dé ẹnu àgọ́ ẹ̀jẹ̀ ti ń kán lójú ihò méjì létí imú ẹ̀, ètè ẹ̀ sì ti ń wú.

Fóònù, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ibẹ̀ yẹn, èèyàn lè wakọ̀ fún wákàtí kan kó má rí nǹkankan lórí fóònù. Ìyàwó mi bú sẹ́kún. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ funfun yẹn mo ní Olúwa, ìwọ nìkan ló wà níbí pẹ̀lú wa, dákun wá èèyàn sí wa.

Ẹ gbọ́ o, mo ń gbàdúrà yẹn lọ́wọ́ ni iná mọ́tò kan yí sí ọ̀dọ̀ wa. Bàbá àti màmá òyìnbó kan tí wọ́n pàgọ́ sí ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni, wọ́n gbọ́ igbe wa torí ohùn máa ń rin jìnnà lórí ilẹ̀ yẹn tí afẹ́fẹ́ bá ti dákẹ́. Bàbá yẹn bọ́ọ́lẹ̀, ó wo ẹnu ajá lẹ́ẹ̀kan, ó ní rattlesnake ni, àbí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Ọ̀rọ̀ tó sọ tẹ̀ lé e yẹn ló gba Tanímọ̀la là, mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ bó ṣe sọ ọ́: ẹ má fi abẹ gé e, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má gbé yìnyín lé e, ẹ má di okùn mọ́ ibì kankan, ẹ má fún un lóògùn ìrora tí èèyàn ń lò, ẹ bọ́ bẹ́líìtì ọrùn ẹ̀ kíá kí wíwú yẹn má bàa fún un lọ́rùn, ẹ gbé e, ẹ má jẹ́ kó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn, torí bó bá ṣe ń rìn ni oró á ṣe máa yára káàkiri ara ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ọsibítù ló kù, kò sí ohun mìíràn.

Màmá wá mú ẹ̀rọ kékeré kan jáde, èyí tó ń gba orí sátẹ́láìtì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ó kọ ọ́ sí ọmọ wọn obìnrin nílùú pé kó pe gbogbo ilé ìwòsàn ẹran tó bá wà, kó bi wọ́n léèrè tani ó ní abẹ́rẹ́ oró ejò lọ́wọ́ lálẹ́ yìí. Torí kì í ṣe gbogbo wọn ló máa ń ní in, ó wọ́n, ó sì máa ń bàjẹ́ tí ọjọ́ ẹ̀ bá pé. Ọmọ yẹn, tí kò rí wa rí, jókòó ti fóònù ó ń pe wọ́n níkọ̀ọ̀kan. A ti ń kó ajá sínú mọ́tò nígbà tí èsì dé: Bend. Ilé ìwòsàn ẹran kan nílùú Bend ló ní, wọ́n ń ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, wọ́n ní ẹ máa bọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Oregon, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Láti Fields, abúlé kékeré tó wà nísàlẹ̀ Alvord, dé Burns ó lé ní máìlì 110, láti Burns dé Bend tún jẹ́ nǹkan bíi máìlì 130. Ọpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé a ti rọ epo kún táǹkì ní Fields lọ́sàn-án ká tó wọlé. Bàbá yẹn gbé mọ́tò tiẹ̀ ṣáájú wa gba orí ilẹ̀ pẹrẹsẹ yẹn jáde, torí lóru kò sí ọ̀nà níbẹ̀, gbogbo ibi ló jọra, èèyàn lè máa yí po títí ilẹ̀ á fi mọ́, ó mú wa dé ojú ọ̀nà gangan kó tó yà padà. Mi ò ráyè dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ìyàwó mi ló wakọ̀. Obìnrin tó ń sunkún lẹ́ẹ̀kan yẹn, bó ṣe di sítíárìn mú báyìí ojú ẹ̀ gbẹ, kò sọ̀rọ̀. Èmi wà lẹ́yìn, Tanímọ̀la wà lẹ́sẹ̀ mi, Dúdú gbé àgbọ̀n lé e lẹ́yìn kò sì gbé e kúrò títí a fi dé. Lójú ọ̀nà yẹn màlúù máa ń rìn bó ṣe wù ú lálẹ́, kò sí wáyà tó sé wọn mọ́, nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Frenchglen ni ọ̀kan dúró gbagidi sí àárín títì, ìyàwó mi tẹ bíréèkì, mọ́tò dúró síwájú ẹ̀ tó jẹ́ pé mo rí ojú ẹ̀ nínú iná. Ẹ bá mi dúpẹ́ ìyẹn náà. A kọjá Burns. Lẹ́yìn Riley ni Tanímọ̀la dákẹ́, kò kérora mọ́, orí ẹ̀ ti wú débi pé ojú ẹ̀ kan ti pa dé, mo gbé ètè ẹ̀ mo rí i pé erìgì ẹ̀ ti funfun. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ orin, ohùn mi ò dáa rárá ṣùgbọ́n mo kọ gbogbo orin ìyìn tí mo mọ̀ láti kékeré, mo ń kọ ọ́ sí i létí, a kọjá Hampton, a kọjá Brothers, mo ṣì ń kọrin, tí mo bá gbé ọwọ́ lé àyà ẹ̀ mo ń gbọ́ ọkàn ẹ̀ tó ń lù.

Nígbà tí a dé, wọ́n ti ń dúró níta, wọ́n ti ṣílẹ̀kùn. Wọ́n gbé e wọlé, wọ́n fi dírípù sí i, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ò dì mọ́ bó ṣe yẹ, ohun tí oró ejò yẹn ń ṣe nìyẹn, ó máa ń jẹ ẹran ara, ó sì máa ń ba ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì jẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní abẹ́rẹ́ yẹn díẹ̀díẹ̀ gba inú iṣan. Dókítà yẹn, ọmọdébìnrin kékeré kan, ó jókòó tì wá ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n máa ń fún ẹṣin tàbí àgùntàn ní oró ejò ní ìwọ̀n tí kò ní pa á, ara ẹ̀ á wá pèsè ohun tó ń bá oró yẹn jà, inú ẹ̀jẹ̀ ẹran yẹn ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Mo wá ń rò ó lórí àga yẹn, pé ẹṣin kan tí mi ò mọ̀, níbi tí mi ò mọ̀, ti ru oró sára kí ajá mi lè yè. Mo yin Ọlọ́run tó fi ìyẹn sínú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin. Ó tún sọ fún wa láìfi bò pé abẹ́rẹ́ yẹn kì í tún ohun tó ti bàjẹ́ ṣe, ó ń dá oró dúró ni, àti pé bó bá ṣe yá tó ló ṣe máa ń wúlò tó, àwa sì ti rìn jìnnà. Ó ní ká máa wò ó títí di àárọ̀.

Ilẹ̀ mọ́. Wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ yẹn wò, ó ti ń dì. Wọ́n mú wa wọlé, Tanímọ̀la ò lè la ojú, orí ẹ̀ tóbi kò ṣe é wò, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ohùn ìyàwó mi, ìrù ẹ̀ gbá ilẹ̀. Ìyàwó mi tó wakọ̀ gbogbo òru láìsọ̀rọ̀, ìgbà yẹn ló wá jókòó sílẹ̀ tó pariwo Halleluyah débi pé àwọn nọ́ọ̀sì sáré wọlé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nílé máa ní ṣebí èèyàn ni wọ́n ń dúpẹ́ lé lórí. Ẹ̀gbọ́n mi kan sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lórí fóònù, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n a dé ilẹ̀ yìí láìní ẹnì kan, ọdún tí ìyàwó mi ń ṣàìsàn tí kò lè jáde nílé, Tanímọ̀la ló ń sùn sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, òun ló ń fipá gbé e dìde kó lè mú un jáde síta lárààárọ̀. Ọlọ́run tó dá a ló fi rán sí wa. Tí n kò bá dúpẹ́ lórí ẹ̀ lórí kí ni mo fẹ́ dúpẹ́?

Ó ti ń jẹun dáadáa báyìí, apá kan ètè ẹ̀ kò jọ ti tẹ́lẹ̀, irun ò sì tíì hù níbẹ̀, dókítà ti ní kò nílò abẹ́rẹ́ kankan mọ́. Ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì wa tẹ́ ẹ dá owó lé bíìlì yẹn láìjẹ́ pé a tọrọ, Ọlọ́run á gbé yín níjà, ẹ ò ní rógun ẹkún. Àwọn òṣìṣẹ́ òru ilé ìwòsàn yẹn, dókítà kékeré yẹn, ọmọbìnrin tó jókòó ti fóònù, mo kí gbogbo yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nípasẹ̀ ọmọbìnrin yẹn ni a ti wá rí bàbá àti màmá bá sọ̀rọ̀, a mú Tanímọ̀la àti Dúdú lọ kí wọn nílé, bàbá yẹn sì wólẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì ó ń bá àwọn ajá ṣeré. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún orúnkún bàbá yẹn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń gbàdúrà lálẹ́ òní, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi rántí bàbá yẹn sí i, kó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ láyọ̀ kó sì jáde láyọ̀, lórúkọ Jésù.