Ojú Ni Kí Ẹ Máa Tẹ̀lé: Ohun Tí Mo Kọ́ Nídìí Sinimá Amẹ́ríkà Àtijọ́

Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé fíìmù àtijọ́ máa ń sú òun, ẹ bi í pé èwo ló kọ́kọ́ wò. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ Gone with the Wind ni, torí orúkọ rẹ̀ ló gba ìgboro kan. Fíìmù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba wákàtí 4! Kò sí bí àjèjì ò ṣe ní sùn sórí àga.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí èmi àti ọkọ mi ti ń wo àwọn fíìmù tí wọ́n ṣe ní Hollywood láàárín nǹkan bí 1930 sí 1955, àwa àti ẹnikẹ́ni nínú ẹbí tó bá fẹ́ jókòó tì wá lálẹ́ Sátidé. Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ. Ẹ fi ìwé àwọn tó ń to fíìmù “tó dára jù láyé” sílẹ̀ ná. Ojú ni kí ẹ máa tẹ̀lé. Ẹ mú òṣèré kan, tàbí olùdarí kan, tàbí ẹni tó ń kọ orin sí fíìmù, kí ẹ wá máa bá a kiri.

Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ilé-iṣẹ́ ńlá 5 ló di ọjà mú: MGM, Paramount, Warner Bros., Fox àti RKO. Àwọn ló ni ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù, àwọn ló tún ni ọ̀pọ̀ ilé sinimá tí wọ́n ti ń fi í hàn, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ni àwọn òṣèré náà. Àdéhùn ọlọ́dún 7 ni wọ́n máa ń bá wọn ṣe. Ipa tí ọ̀gá bá gbé fún òṣèré ló máa ṣe, bó wù ú, bí kò wù ú. Télọ̀, káfíńtà, olùkọ́ ijó, ọ̀gá onídà, onílù, gbogbo wọn ló wà nínú ọgbà kan náà. Ẹni tó bá gbọ́njú bá ẹgbẹ́ eré Ògúndé tàbí ti Bàbá Sàlá nílẹ̀ wa yóò ti mọ bó ṣe máa ń rí: ojú kan náà, lónìí ó di ọba, lọ́la ó di olè, inú yín á sì máa dùn pé ẹ dá a mọ̀. Ìdùnnú yẹn gan-an ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ń wo fíìmù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láìmọ ẹni tó ṣe é kò lè rí i.

Claude Rains ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ fún àlejò. Kò ga, kì í ṣe ẹni táwọn obìnrin ń sunkún lé lórí, àmọ́ tó bá ti wọlé, ojú èèyàn ò ní kúrò lára rẹ̀. Ní 1938, òun ni Prince John nínú The Adventures of Robin Hood, àbúrò ọba tó fẹ́ gba ìtẹ́ mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́. Ní 1942, òun ni Captain Renault nínú Casablanca, ọ̀gá ọlọ́pàá tó ń gba rìbá ní gbangba tí èèyàn ò sì lè kórìíra rẹ̀. Nígbà tó di 1946, ó di ọkọ tó fẹ́ amí láìmọ̀ nínú Notorious. Ìjà idà, ogun, ìfẹ́: ọkùnrin kan ti mú yín la gbogbo rẹ̀ kọjá, kò sì sí èyí tó pé wákàtí 2 nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọmọ àbúrò mi kan, tó ní òun ò lè wo fíìmù tí kò ní àwọ̀, ló pariwo láàárín Casablanca pé, “Àǹtí, ṣebí ọmọ ọba burúkú ọjọ́sí nìyí?” Láti ìgbà yẹn, mi ò bẹ̀ ẹ́ mọ́ kó tó jókòó.

Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ lórí Robin Hood, torí òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo fíìmù onídà. Igbó Sherwood, ibùba Robin Hood tí ẹ ń rí yẹn, kì í ṣe Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rárá, ìlú Chico ní California ni. Kámẹ́rà Technicolor tí wọ́n fi yà á wúwo gan-an. Rọ́ọ̀lù fíìmù 3 ló ń gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀, iná tí wọ́n ń tàn sí i sì máa ń mú kí inú ilé gbóná janjan. Ẹ wo aṣọ tí Olivia de Havilland wọ̀, ẹ wo àwọ̀ ewé lára Errol Flynn tó ṣe Robin Hood. Kò sí ẹni tó ń ya irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ìjà ìkẹyìn bá dé, ẹ gbé ohun tí ẹ ń jẹ sílẹ̀. Flynn àti Basil Rathbone, tó ṣe ọ̀tá rẹ̀, á máa lé ara wọn lórí àtẹ̀gùn òkúta. Wọ́n á yí sẹ́yìn òpó, kámẹ́rà ò ní tẹ̀lé wọn. Òjìji wọn nìkan lẹ máa rí, ó ga ju èèyàn lọ, idà ń pàdé idà. Rathbone yìí, òun ló mọ idà lò jù Flynn lọ, òun náà ló sì máa ń kú. Flynn ti kọ́kọ́ pa á létí òkun nínú Captain Blood ní 1935. Ó tún pa á níhìn-ín. Nígbà tó di 1940, Tyrone Power náà pa á nínú The Mark of Zorro. Nínú ilé wa, tí Rathbone bá ti yọ idà, a ti ń kí i pé ó dìgbà kan ná.

Òjìji ara òpó yẹn, ẹ má gbàgbé rẹ̀. Michael Curtiz ló gbé e síbẹ̀, òun àti William Keighley ló jọ darí fíìmù náà. Nígbà tí Curtiz ṣe The Sea Hawk ní 1940, ó tún fi òjìji jà. Nínú Casablanca, tí kò sí idà kankan, nígbà tí Rick, ẹni tó ni ilé ọtí inú ìtàn náà, ń ṣí séèfù, òjìji rẹ̀ náà lẹ máa rí lára ògiri. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́.

Orin Robin Hood ní ìtàn tirẹ̀. Erich Wolfgang Korngold ló kọ ọ́. Júù ni, ìlú Vienna ní Ọ́stríà ló ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ránṣẹ́ pè é wá sí Hollywood ní ìbẹ̀rẹ̀ 1938, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí nígbà tí Hitler gba Ọ́stríà ní oṣù kẹta ọdún náà. Kò lè padà sílé títí ogun fi parí. Òun fúnra rẹ̀ gbà pé fíìmù náà ló gba ẹ̀mí òun là. Orin náà gba Oscar. Tí ẹ bá tún gbọ́ fèrè rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ mọ èyí, ẹ sọ fún mi bóyá kò dún yàtọ̀ létí yín.

Bí Korngold ṣe rí lọ̀pọ̀ àwọn tó wà nínú Casablanca náà rí. Conrad Veidt tó ṣe ọ̀gá ológun Násì sá kúrò ní Jámánì nítorí àwọn Násì fúnra wọn, torí Júù ni ìyàwó rẹ̀. Ẹ rántí ibi tí Renault ti ní kí wọ́n ti ilé ọtí Rick pa nítorí tẹ́tẹ́, tí òṣìṣẹ́ kan sì gbé owó tó jẹ nínú tẹ́tẹ́ náà wá fún un lójú gbogbo ayé. Gbogbo wa la máa ń rẹ́rìn-ín. Òṣìṣẹ́ tó gbé owó wá yẹn ni Marcel Dalio, òṣèré ńlá nílẹ̀ Faransé, tí àwọn Násì ti fi ojú rẹ̀ ya àwòrán láti fi bú àwọn Júù. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Madeleine Lebeau, sá kúrò ní Paris ní 1940. Ìyàwó náà wà nínú fíìmù yìí: òun ni ọmọbìnrin tí omi ń dà lójú rẹ̀ nígbà tí gbogbo ilé ọtí dìde kọ orin orílẹ̀-èdè Faransé bo orin àwọn ará Jámánì mọ́lẹ̀. Wọn ò tíì gba Faransé padà nígbà tí wọ́n ya èyí. Ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì wo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ńkọ́? Láti 1934 ni òfin ti le mọ́ àwọn onífíìmù lọ́rùn. Wọn ò gbọ́dọ̀ fi ẹnu kan ẹnu pẹ́ jù, tọkọtaya kì í sábà sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan, ọ̀daràn kò gbọ́dọ̀ mú un jẹ. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí máa ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ò bá wọn ṣe é, torí àwa la ni àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Nínú Notorious, Hitchcock tó darí rẹ̀ ní kí Ingrid Bergman àti Cary Grant fẹnu kanra díẹ̀ kí wọ́n sọ̀rọ̀, kí wọ́n tún fẹnu kanra, kí wọ́n sọ̀rọ̀ adìẹ tí wọ́n fẹ́ sè, kí Grant gbé fóònù sétí, kí wọ́n máa rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà láìtú ara wọn sílẹ̀. Ó tó ìṣẹ́jú 2 àbọ̀. Kò sí ìfẹnukonu kan nínú rẹ̀ tó pẹ́, òfin ò sì rí wọn mú. Ẹ wá ibì kan fún mi nínú fíìmù òde òní tí aṣọ ti bọ́ lára gbogbo èèyàn, tó gbóná tó èyí.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí àdéhùn ọlọ́dún 7 yẹn ń ṣe fún èèyàn, Olivia de Havilland ni kí ẹ tẹ̀lé. Fíìmù 8 ló bá Flynn ṣe, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé ìrísí nìkan ni wọ́n fẹ́ lára rẹ̀. Tó bá kọ ipa kan, wọ́n á dá a dúró, wọ́n á tún fi àkókò tí wọ́n fi dá a dúró kún ọdún 7 náà. Ó pe Warner Bros. lẹ́jọ́ ní 1943, ó sì jàre ní 1944. Títí di òní, orúkọ rẹ̀ ni àwọn agbẹjọ́rò California fi ń pe òfin tí kò jẹ́ kí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ju ọdún 7 lọ. Lẹ́yìn ẹjọ́ yìí ló wá gba Oscar 2, ìkejì nítorí The Heiress ní 1949. Ọmọ olówó kan ni nínú rẹ̀, bàbá rẹ̀ kò kà á sí, ọkùnrin kan sì ń fẹ́ ẹ nítorí ogún. Lóru tí ọkùnrin náà já a kulẹ̀, ó gbé ẹrù rẹ̀ gun àtẹ̀gùn padà, ẹ ó rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbé e. Ní ìparí, àtẹ̀gùn kan náà ló tún gùn, àtùpà lọ́wọ́, ọkùnrin náà ń gbá ilẹ̀kùn níta. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo Robin Hood kí ẹ tó wo èyí, kí ẹ lè rí ohun tí wọ́n fi pamọ́ fún ọdún mélòó kan.

Fíìmù olórin àti oníjó ló máa ń ṣòro fún àwọn ọkùnrin ilé wa. Wọ́n á ní, “Kí ló dé tó ń kọrin lójú títì?” Ẹ ní kí wọ́n fojú sí ẹsẹ̀. Fred Astaire kì í gbà kí wọ́n ya ojú rẹ̀ nìkan nígbà tó bá ń jó, àtorí dé ẹsẹ̀ ló ní kí wọ́n máa yà, kí wọ́n má sì máa gé e. Nínú Royal Wedding, 1951, ó jó lórí ilẹ̀, ó jó lára ògiri, ó jó lórí àjà. Kò sí idán níbẹ̀. Yàrá náà ni wọ́n kọ́ sínú ohun kan tó ń yí bí àgbá, wọ́n kan àga àti tábìlì mọ́lẹ̀, wọ́n so kámẹ́rà àti ẹni tó ń yà á mọ́ yàrá kí wọ́n lè jọ yí. Nígbà tí ẹ bá tún ń wò ó, ẹ gbé ojú lé ẹ̀wù rẹ̀.

Síbẹ̀, ijó tí mo máa ń kọ́kọ́ fi han èèyàn kì í ṣe ti Astaire. Ti Fayard àti Harold Nicholas ni, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò aláwọ̀ dúdú, nínú Stormy Weather ti 1943. Wọ́n ń fo ara wọn lórí sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn, tí kálukú bá ti balẹ̀, á ya ẹsẹ̀ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, á sì dìde láìfọwọ́ kan ilẹ̀. Irú àwọn wọ̀nyí ni wọn kì í fún ní ìtàn tiwọn nínú fíìmù àwọn òyìnbó. Wọ́n á jó, wọ́n á lọ. Orin Lena Horne, akọrin aláwọ̀ dúdú, ní MGM, wọ́n máa ń dìídì yà á sọ́tọ̀ kí àwọn ilé sinimá ní àwọn ìpínlẹ̀ apá gúúsù Amẹ́ríkà lè gé e kúrò láìba ìtàn jẹ́. Hattie McDaniel, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba Oscar, ní 1940, tábìlì ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbé e kà lálẹ́ ọjọ́ náà, jìnnà sí àwọn tó kù nínú Gone with the Wind. Mi ò ní kí ẹ torí èyí pa fíìmù tì. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó gbé àwo dúró lẹ́nu ọ̀nà náà ní ojú, ẹ tẹ̀lé tirẹ̀ náà. Dooley Wilson tó jókòó sídìí dùùrù nínú Casablanca, onílù ni, kò mọ dùùrù tẹ̀. Elliot Carpenter ló ń tẹ̀ ẹ́ níbi tí kámẹ́rà ò dé.

Àwọn nǹkan kékeré tó kù: ẹ tan àkọsílẹ̀ ìsàlẹ̀ fíìmù, torí ẹnu wọn yá, pàápàá nínú His Girl Friday. Ẹ má fẹ àwòrán náà kó kún tẹlifíṣọ̀n. Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ ni dúdú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yẹn. Bí wọ́n bá fi kọ̀ǹpútà kun àwọ̀ sí i, ẹ sá fún un. Ẹni tí kò fẹ́ sanwó fíìmù, ó lè rí His Girl Friday àti Royal Wedding lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Internet Archive.

Ojú tiwa náà sì wà níbẹ̀. Orlando Martins, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1899, ló ń ṣeré nílùú London láyé ìgbà yẹn. Ó wà pẹ̀lú Paul Robeson, òṣèré aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, nínú Sanders of the River ní 1935. Fíìmù yẹn yóò bí yín nínú. Ó bí Robeson fúnra rẹ̀ nínú. The Hasty Heart ti 1949 ló sàn kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: òun ni Blossom, ọmọ ogun tó wà ní ilé ìwòsàn kan náà pẹ̀lú Ronald Reagan tó padà wá di ààrẹ Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò tó nǹkan, ojú rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá Kongi's Harvest ti 1970, èyí tí Ossie Davis darí nílẹ̀ wa níbí, tí Wọlé Ṣóyínká fúnra rẹ̀ ṣe Kongi. Martins wà nínú ìyẹn náà, ó ti darúgbó, ẹ ó sì dá a mọ̀.