Kí wọ́n tó dá yín sílẹ̀ ní ọsibítù pẹ̀lú ọmọ tó ń fi rọ́bà jẹun

Ẹ̀yin òbí tọ́mọ yín ń fi rọ́bà jẹun, ìyẹn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé oúnjẹ gba imú tàbí ara ikùn wọnú ọmọ, ẹ̀yin ni mò ń bá wí lónìí, àti ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi náà. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ dá ọmọ sílẹ̀ gan-an ni wọ́n máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ìyá ẹ̀, wọ́n á ka gbogbo bó ṣe máa lo rọ́bà náà sí i létí wàràwàrà, òun náà á máa mi orí pé "mo ti gbọ́ mà", torí ọkàn ẹ̀ ti wà nílé, owó sì ti tán lọ́wọ́ ẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìkọ́ni rárá. Ìyá ọmọ gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é níṣojú nọ́ọ̀sì, kó ṣe é lónìí kó tún ṣe é lọ́la.

Tó bá jẹ́ rọ́bà tó gba imú wọlé, kẹ́ ẹ tó da ohunkóhun sí i, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá inú ikùn lẹ́nu rọ́bà tó wà nínú ọmọ ṣì wà. Gbogbo ìgbà o, kì í ṣe àárọ̀ nìkan. Ọmọ lè wúkọ́, ó lè bì, ó lè fọwọ́ fà á, rọ́bà á sì yọ gòkè, tí wàrà bá wá gba ẹ̀dọ̀fóró lọ, wàhálà ńlá nìyẹn. Ẹ ní kí wọ́n sàmì sára rọ́bà níbi tó ti wọ imú, kẹ́ ẹ máa wò ó bóyá ó ti kúrò níbẹ̀. Ẹ fi sìríńjì fa omi ikùn díẹ̀, ẹ kán an sórí bébà pH, ìyẹn bébà tó máa ń fi bí omi náà ṣe kan tó hàn. Tó bá jẹ́ 5.5 tàbí tó wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, ẹ lè fún un lóúnjẹ. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí omi ò jáde, ẹ yí ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, ẹ ní sùúrù díẹ̀ kẹ́ ẹ tún fà á, tí ò bá ṣì yanjú ẹ má fún un ní nǹkan kan, ẹ pe ọsibítù. Àwọn kan ṣì máa ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀ kí wọ́n fetí sí i bóyá á dún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbára lé ìyẹn, bó bá wà nínú ẹ̀dọ̀fóró gan-an ó ṣì lè dún bẹ́ẹ̀.

Ẹ má kọ́ ìyá nìkan. Màmá àgbà kan wà ní wọ́ọ̀dù wa, òun ló máa ń dúró ti ọmọ tí ìyá ẹ̀ bá lọ sọ́jà. Mo ní kó yọ ohun tí wọ́n fi ń ti sìríńjì kúrò, kó ki sìríńjì bọ ẹnu rọ́bà, kó da wàrà sí i, kó kàn gbé e sókè díẹ̀. Ó ní "Nọ́ọ̀sì, ṣé mi ò ní tì í kó lè tètè yó ni?" Mo ní rárá Mámá, ẹ jẹ́ kó máa sọ̀ kalẹ̀ fúnra ẹ̀, ẹ bá gbé e sókè á yára, ẹ bá rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ á rọra. Ó gbé orí ọmọ lé apá, ojú ẹ̀ ò kúrò lára wàrà yẹn, bó ṣe kù díẹ̀ kó tán ló ní "omi ẹ̀ dà?" kí n tó lanu. Inú mi dùn débi pé òun ni mo ní kó kọ́ ìyá ọmọ.

Omi yẹn ló ń fọ rọ́bà, ṣáájú oúnjẹ àti lẹ́yìn ẹ̀, àti láàárín oògùn kan sí èkejì. Ẹ bi wọ́n léèrè iye tó tọ́ sọ́mọ yín, torí ti ìkókó kéré gan-an. Ẹ má po oògùn mọ́ wàrà. Ògì tó ki á dí rọ́bà kíákíá, ẹ bá sì là á jù, omi lásán lọmọ ń mu, torí náà ẹ bá àwọn tó mọ̀ nípa oúnjẹ ní ọsibítù sọ̀rọ̀. Tó bá dí, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kẹ́ ẹ fi rọra tì í kẹ́ ẹ rọra fà á, ẹ má fi wáyà gún un láéláé. Tẹ́ ẹ bá ń fún un lóúnjẹ lọ́wọ́ tó wá ń wúkọ́ tàbí tí ètè ẹ̀ ń dúdú, ẹ fún rọ́bà pa lójú ẹsẹ̀.

Rọ́bà tó gba ihò tí wọ́n dá sára ikùn wọlé ńkọ́? Àwọn ọmọ tó ṣèèṣì mu kọ́síkì sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ máa ń nílò ẹ̀, torí ọ̀nà ọ̀fun wọn ti fún pọ̀. Ọṣẹ àti omi lẹ máa fi fọ ojú ihò ẹ̀, kẹ́ ẹ nù ún gbẹ, kò sí àgbo, kò sí páúdà. Tó bá yọ, ẹ má dúró di ilẹ̀ mọ́, láàárín wákàtí díẹ̀ ihò yẹn á ti máa pa dé. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, ẹ mú rọ́bà náà dání, ẹ máa lọ sí ọsibítù, kódà bó jẹ́ òru.