Abẹ́rẹ́ ọrùn tí wọ́n gún fún mi kí wọ́n tó ṣe èjìká mi

Ẹ̀yin tí wọ́n ti fún lọ́jọ́ pé kẹ́ ẹ wá ṣe ọpuréṣàn èjìká, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka eléyìí ná. Àdìrẹ ni mò ń ṣe n'Ítòkú níbí l'Ábẹ́òkúta, aṣọ tútù tí mò ń fà jáde nínú aró lójoojúmọ́ ló já iṣan èjìká mi. Dọ́kítà ní àwọn máa gún abẹ́rẹ́ tó ń mú kápá kú fúngbà díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn mi, níbi tí àwọn nẹ́ọ̀fù (okùn inú ara tá a fi ń mọ nǹkan lára) tó ń lọ sápá gbà kọjá, kí n má bàa jẹ̀rora tí mo bá jí.

Lóòótọ́ mi ò jẹ̀rora. Àmọ́ nígbà tí mo jí, ìpéǹpéjú mi kan wálẹ̀, ohùn mi há, èémí ò sì wọlé dáadáa, àǹtí mi ti ń pe pásítọ̀! Ẹ má jáyà o, oògùn yẹn máa ń ṣàn dé ara àwọn nẹ́ọ̀fù tó wà nítòsí, títí kan èyí tó ń gbé iṣan tá a fi ń mí, tí oògùn bá ti ń lọ òun náà á lọ. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní ikọ́ fée tàbí wàhálà ẹ̀dọ̀fóró, ẹ sọ ọ́ ṣáájú, torí wọ́n lè dín oògùn kù tàbí kí wọ́n gún un síbòmíì. Bákan náà ni kẹ́ ẹ sọ tẹ́ ẹ bá ní àìsàn ṣúgà, tàbí tí ọwọ́ yín bá ti ń kú tẹ́lẹ̀.

Tápá bá ṣì kú, omi gbígbóná lè bó o kẹ́ ẹ má mọ̀. Ẹ sì lo oògùn ìrora kó tó jí, torí ìrora yẹn kì í kanlẹ̀kùn, òru ló sábà máa ń dé.

Èyí tó kan èmi gan-an ni pé oògùn ti lọ tán, àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá mi ò tíì padà, ó ń ṣe bíi pé èèrà ń rìn lórí ẹ̀. Wọ́n ní kì í ṣe abẹ́rẹ́ nìkan ló ń fà á, bí wọ́n ṣe na apá nígbà iṣẹ́ abẹ tàbí ara tó wú náà lè tẹ nẹ́ọ̀fù. Ọ̀pọ̀ ló máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù mélòó kan, ìwọ̀nba ni kì í lọ. Ẹnì kan ní kí n lọ bá àwọn tó ń fọwọ́ ra eegun ní Láfẹ́ńwá, mo ní rárá, iṣan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán ni wọ́n fẹ́ máa tẹ̀?

Tí nẹ́ọ̀fù bá bàjẹ́ tó sì ń hù padà, bíi mìlímítà 1 ló ń rìn lóòjọ́, torí náà sùúrù pọ̀ níbẹ̀. Àyẹ̀wò iná tí wọ́n fi ń wo nẹ́ọ̀fù náà, ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ 3 kó tó fi nǹkan hàn kedere. Ní ti àbẹ́là gbígbóná tá a fi ń ṣe àdìrẹ, ọmọṣẹ́ mi ló ń bá mi mú un báyìí, èmi ń ṣe físíò, ìyẹn eré ìdárayá tí wọ́n fi ń tọ́jú apá.

Tó bá ti ju ọjọ́ 2 lọ tí apá ò tíì jí, tàbí tó ń rọ sí i, ẹ padà lọ. Tí èémí bá ń há sí i ńkọ́? Lójú ẹsẹ̀ ni o. Kẹ́ ẹ sì rí i pé wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì yín, kó má jẹ́ pé nọ́ọ̀sì á kàn sọ pé "á lọ, màmá" kí wọ́n sì yí ẹ̀yìn padà.