Ọjọ́ 22, oṣù Keje: Ọkọ̀ tí Dillinger jí

Irú òní ní 1934, ọjọ́ Àìkú ni. Ooru mú ní Chicago débi pé ilé sinimá tó bá ní ẹ̀rọ amúlétutù lèrò ń rọ́ lọ. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́ ti kọjá díẹ̀ nígbà tí John Dillinger, olè tó ń ja báǹkì, jáde nínú ilé sinimá Biograph, òpópónà Lincoln, òun àti obìnrin méjì. Melvin Purvis, ọ̀gá àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní Chicago, ṣáná sí sìgá ńlá tó wà lẹ́nu rẹ̀; àmì tó bá àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ dá nìyẹn. Dillinger sáré forí lé kọ̀rọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ọta bá a lẹ́yìn ọrùn, ó gba abẹ́ ojú ọ̀tún jáde. Ọmọ ọdún 31 ni.

Báǹkì ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Lójú tèmi, ọkọ̀ ló pa á.

Ní 1924, ní Mooresville, Indiana, òun àti ẹnìkan dá onísọ́ọ̀bù kan lọ́nà. Bàbá rẹ̀ ní kó gbà pé òun jẹ̀bi, bóyá adájọ́ á ṣàánú. Ọdún 10 sí 20 ni adájọ́ là á mọ́ ọn lórí. Ẹnìkejì rẹ̀ tó gba lọ́yà kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́wọ̀n rárá. Ó kù díẹ̀ kó pé ọdún mẹ́sàn-án kí Dillinger tó jáde ní May 1933, inú ẹ̀wọ̀n yẹn ló sì ti bá àwọn bí Harry Pierpont pàdé, tí wọ́n kọ́ ọ níṣẹ́.

Iṣẹ́ ọ̀hún kì í ṣe ìjà lásán. Ẹnìkan á kọ́kọ́ wọ báǹkì bí oníbàárà, á wo ibi tí àpótí irin wà àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n á dá iye ìṣẹ́jú. Bó bá pé, owó yòówù kó kù, wọ́n á fi í sílẹ̀. Ọ̀nà àsálà ni wọ́n tiẹ̀ ń fara balẹ̀ sí jù: wọ́n á ti wà á ṣáájú, wọ́n á kọ gbogbo ìyànà sílẹ̀ pẹ̀lú iye máìlì tí mítà ọkọ̀ kà. Wọ́n á gbé epo sínú ọkọ̀, wọ́n á sì da ìṣó sójú títì fún táyà ọlọ́pàá tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní Greencastle, October 1933, nǹkan bí 75,000 dọ́là ni wọ́n fi ọgbọ́n yìí kó.

Ford V8 tó jáde ní 1932 yá ju ọkọ̀ ọlọ́pàá púpọ̀ lọ. Bí wọ́n bá sì ti fo ààlà ìpínlẹ̀, ọlọ́pàá Indiana á dúró síbẹ̀, torí pé jíja báǹkì lólè kò tíì di ẹ̀ṣẹ̀ ìjọba àpapọ̀ títí di May 1934. Àwọn ará ìlú ńkọ́? Ọ̀dá owó ti gbẹ wọ́n, ẹgbẹẹgbẹ̀rún báǹkì ti kógbá wọlé tòun towó wọn, àwọn kan bá ń pàtẹ́wọ́ fún un. Àmọ́ ṣẹ́rífù (olórí ọlọ́pàá àgbègbè) Jess Sarber tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pa ní Lima, Ohio, kì í ṣe oníbáǹkì.

Ní March 3, 1934, Dillinger sá kúrò lẹ́wọ̀n Crown Point, Indiana. Ọ̀pọ̀ ní ìbọn igi tí wọ́n fi páálíṣì bàtà kùn ló fi dẹ́rù ba àwọn wọ́dà. Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ló burú jù: ó jí Ford V8 ṣẹ́rífù Lillian Holley, ó wà á wọ Illinois. Òfin 1919 wà pé ẹni tó bá wa ọkọ̀ tí wọ́n jí kọjá ààlà ìpínlẹ̀, ọ̀ràn ìjọba àpapọ̀ ló dá. Ààlà tó ń fi gbogbo ara bò ó tẹ́lẹ̀ ló wá tú u síta fún Purvis.

Ó ṣe iṣẹ́ abẹ sójú ní May, oògùn akunnilóorun fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Wọ́n fi ásíìdì jó orí ìka rẹ̀, síbẹ̀ ìlà ìka ṣì hàn nígbà tó kú. Anna Sage, ọ̀kan nínú obìnrin méjì tó bá a lọ sí sinimá, ọmọ Romania tí wọ́n fẹ́ lé padà sílé, ló tà á. Yẹ̀rì aláwọ̀ ọsàn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà pupa lábẹ́ iná sinimá. Wọ́n fún un ní 5,000 dọ́là, wọ́n sì lé e lọ ní 1936.

Crown Hill ní Indianapolis ni wọ́n sin Dillinger sí. Bàbá rẹ̀ ní kí wọ́n da kọnkéré àti àjákù irin sórí pósí náà, kí àwọn olè má baà wá hú u.