Lakeland Nínú Oṣù Kẹta: Ìrètí Àwọn Olólùfẹ́ Detroit Tigers Kí Sáà 2025 Tó Bẹ̀rẹ̀

Láàárín Tampa àti Orlando ní ìpínlẹ̀ Florida ni ìlú Lakeland wà, ní ẹ̀gbẹ́ òpópónà Interstate 4, ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò ló sì máa ń gba ibẹ̀ kọjá láìyà nítorí pé Disney ni wọ́n ń sáré lọ. Àwọn ará Michigan ní tiwọn máa ń yà. Láti ọdún 1934 ni Detroit Tigers, ikọ̀ béísìbọ́ọ̀lù ìlú wa, ti ń lọ gbaradì sáà ní Lakeland, àfi àwọn ọdún díẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì tí wọn kò lè rìn jìnnà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ní agbègbè Detroit, síbẹ̀ oṣù kẹta ọdún 2025 ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n wa kan lọ síbẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni ẹ̀gbọ́n yìí. Ó ti wà ní Detroit kí Tigers tó gba ife World Series, tí ikọ̀ tó ṣe olúborí sáà máa ń gbà, ní ọdún 1984, ife yẹn náà sì ni wọ́n gbà kẹ́yìn.

Ọkọ̀ ni a wọ̀ lọ, nítorí ẹ̀gbọ́n gbà pé ẹni tó bá fò lọ kò ní mọ ìdí tí àwọn ènìyàn wa fi ń lọ. Òpópónà Interstate 75 tó gba inú Detroit kọjá náà ló la Ohio, Kentucky, Tennessee àti Georgia já wọ Florida, ó sì lé ní 1,100 máìlì. Yìnyín ṣì wà lẹ́bàá ọ̀nà nígbà tí a kúrò nílé. Nígbà tí a fi máa dé gúúsù Georgia, a ti bọ́ ẹ̀wù òtútù sẹ́yìn ọkọ̀, a sì ń rí nọ́ńbà ọkọ̀ Michigan léraléra níwájú wa, àwọn mìíràn pẹ̀lú lẹ́tà D aláràbarà ti Detroit lára gíláàsì ẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹni tí kò mọ eré yìí. Ní àárín oṣù kejì ọdún ni ikọ̀ 30 tó wà nínú líìgì ńlá máa ń kó lọ síbi tí oòrùn wà, 15 sí Florida, 15 yòókù sí Arizona. Ikọ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń gbá nǹkan bí eré 30 níbẹ̀ kí eré 162 ti sáà gan-an tó bẹ̀rẹ̀, wọn kì í sì í ka ìkankan nínú 30 yẹn mọ́ ẹnikẹ́ni. Ajùbọ́ọ̀lù tó jẹ́ ògbóǹtarìgì lè jù fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n sì yọ ọ́, kí ọmọkùnrin kan tí a kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí wá rọ́pò rẹ̀. Àwọn tó lé ní 60 ni wọ́n ń pè sí ibùdó, 26 péré ni yóò sì bá ikọ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù ń lọ sí Toledo ní Ohio, tàbí sí àwọn ikọ̀ tó tún kéré sí ti Toledo. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá ayọ̀ ìṣẹ́gun kò ní nǹkan kan í ṣe ní Lakeland. Ara àwọn ènìyàn ni àwọn olólùfẹ́ ń wá wò: èjìká ta ni ó ti jiná, ta ni ó ti yára sí i, ta ni yóò gba àyè ta.

Tigertown ni wọ́n ń pe ibùdó náà. Nígbà ogun, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní wíwa ọkọ̀ òfurufú, àwọn ilé ńlá tí wọ́n ń kó ọkọ̀ òfurufú sí nígbà náà sì ṣì dúró nítòsí pápá. Pápá ńlá tó wà níbẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Joker Marchant, ṣí ní ọdún 1966. Wọ́n tún un ṣe kí sáà 2017 tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn pápá kéékèèké tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ mú mi lọ ní òwúrọ̀, kí oòrùn tó mú. Ọmọkùnrin kan ń ju bọ́ọ̀lù níbẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100, kò sì sí orúkọ kankan lókè rẹ̀. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń dún nínú ìbọ̀wọ́ ẹni tó ń gbà á bí ìgbà tí ènìyàn gbá tábìlì ní àtẹ́lẹwọ́. Mo ní ọmọ yìí lágbára o. Ẹ̀gbọ́n fi ìka kan apá mi.

“Àbúrò, fi bọ́ọ̀lù náà sílẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ni kí o máa wò, kí o sì wò ó bóyá ó ń gbọn ọwọ́ lẹ́yìn tó bá jù ú tán.”

Ó pẹ́ kí n tó lóye ohun tó sọ, ṣùgbọ́n Tarik Skubal ni àpẹẹrẹ rẹ̀. Skubal, ajùbọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́-òsì, ni Tigers mú ní ìpele kẹsàn-án nínú ètò tí àwọn ikọ̀ fi ń yan àwọn ọ̀dọ́ ní ọdún 2018, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ìgbọ̀nwọ́ nígbà tó wà ní yunifásítì. Wọ́n tún ṣiṣẹ́ abẹ mìíràn sí apá kan náà ní ọdún 2022. Ní ọdún 2024, apá yìí kan náà jáwé olúborí nínú eré 18, ó lé àwọn agbábọ́ọ̀lù jáde nígbà 228 láì jẹ́ kí wọ́n rí bọ́ọ̀lù gbá, ó sì gba Cy Young, àmì-ẹ̀yẹ ajùbọ́ọ̀lù tó dára jù, láìsí ìbò kan tó ta kò ó. Nígbà tí oṣù kẹjọ ọdún náà ń sún mọ́ àárín, ikọ̀ ti pàdánù eré 63, wọ́n sì ti borí 55 péré, gbogbo ènìyàn sì ti kádìí ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n wá borí 31 nínú 44 tó kù, wọ́n wọ ìdíje àṣekágbá fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 2014, wọ́n lé Houston lọ sílé, kí Cleveland tó dá wọn dúró ní eré karùn-ún. Skubal gan-an ló wà lórí òkìtì tí ajùbọ́ọ̀lù ń dúró sí nígbà tí Lane Thomas gbá bọ́ọ̀lù tó mú àmì mẹ́rin wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní Lakeland, mi ò rí olólùfẹ́ kan tó di bọ́ọ̀lù yẹn sínú sí i. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni bí apá òsì rẹ̀ ṣe wà.

Àwọn àgbà níbẹ̀ ní ìdí tí wọ́n fi ń bẹ̀rù. Ní ọdún 1976, Mark Fidrych wá sí Lakeland gẹ́gẹ́ bí àlejò tí kò ní àyè nínú ikọ̀, ọmọ ọdún 21, irun rẹ̀ kún, ó ń bá bọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀ kí ó tó jù ú, ó sì máa ń kúnlẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ilẹ̀ òkìtì ṣe. Wọ́n mú un. Ó borí eré 19, gbogbo Amẹ́ríkà sì mọ̀ ọ́n. Ní ìgbaradì ọdún tó tẹ̀lé e, ní ìlú kan náà, ó fi orúnkún ṣeṣe níbi tó ti ń lépa bọ́ọ̀lù lásán nínú ìdánrawò, lẹ́yìn náà ni èjìká rẹ̀ bàjẹ́, kò sì padà sí bó ṣe wà mọ́. Ẹ̀gbọ́n kò bá a ní Detroit, ṣùgbọ́n ó sọ ìtàn náà bí ẹni tí ó ṣojú rẹ̀, nítorí pé àwọn tó kọ́ ọ ní eré yìí ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kò yé sọ ọ́.

Nínú gbogbo ẹni tí mo rí, Spencer Torkelson ni ọkàn mi fà mọ́ jù. Òun ni Detroit kọ́kọ́ mú nínú gbogbo ọ̀dọ́ orílẹ̀-èdè ní ọdún 2020. Ó gbá bọ́ọ̀lù 31 kọjá ògiri ní ọdún 2023, ṣùgbọ́n ní ọdún tó tẹ̀lé e, nǹkan yí padà débi pé wọ́n dá a padà sí Toledo nínú oṣù kẹfà. Nígbà tó di òpin ọdún, ikọ̀ gba Gleyber Torres wá sí ibùdó kejì (ọ̀kan nínú àwọn ibi tí agbábọ́ọ̀lù máa ń sá lọ lórí pápá), wọ́n sún Colt Keith láti ibẹ̀ lọ sí ibùdó kìíní, tí í ṣe ibùdó Torkelson. Ẹni tí wọ́n pè ní ọjọ́ ọ̀la Detroit wá dé ibùdó ìgbaradì láìní àyè tó dá lójú. Mo wò ó nígbà ìdánrawò gbígbá. Ó dúró, ó gbé igi sókè díẹ̀, bọ́ọ̀lù sì ń fò lọ sórí òkè koríko tí àwọn ọmọdé dúró sí ní apá òsì pápá. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un, ìpàtẹ́wọ́ náà sì tọkàn wá. Bí àgbẹ̀ ṣe ń wo ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, tí kò fẹ́ gbin gbogbo irúgbìn rẹ̀ tán síbẹ̀, ni a ṣe ń wò ó. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà, mo sì sọ ọ́ gbangba.

Ìyá àgbà kan láti Flint jókòó níwájú wa, ó di ìwé àkọsílẹ̀ eré àti pẹ́ńsù mú. Ó ń kọ gbogbo ìjù àti gbogbo ìgbá sínú àpótí kéékèèké, ṣùgbọ́n ibi tí ó yẹ kí èsì wà ló fi sílẹ̀ lófìfo lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Mo kí i, mo sì bi í léèrè. Ó ní èsì kò wúlò fún òun kí oṣù kẹrin tó dé. Ẹni tó sá dé ibùdó kìíní pẹ̀lú gbogbo agbára nígbà tí ikọ̀ rẹ̀ ti ń pàdánù ni òun ń fi àmì sí. Ó wà níbẹ̀ ní ọdún 2021 nígbà tí Akil Baddoo, tí kò tíì gbá rí ní ìpele méjì tó súnmọ́ líìgì ńlá, fi ìgbaradì gba àyè nínú ikọ̀. Ní Detroit, bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ pàá tí wọ́n jù sí ọmọ náà nínú líìgì ńlá ló gbá kọjá ògiri. Àwọn ọdún tó tẹ̀lé e kò rí bẹ́ẹ̀ fún un, ìyá náà kò sì fi bò. Síbẹ̀ ojú rẹ̀ tàn bó ṣe ń sọ ọ́.

Òun ló sọ fún wa pé àárín pápá ẹ̀yìn ni òun ń ṣàníyàn lé. Apá ọ̀tún Parker Meadows ń yọ ọ́ lẹ́nu, èjìká Matt Vierling kò dára, ẹ̀yìn ń dun Wenceel Pérez. Àwọn mẹ́ta tó yẹ kí wọ́n pín àyè yẹn ti farapa kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti wá ń gbìyànjú Javier Báez níbẹ̀, ẹni tí kì í ṣe àyè rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ sì ti rẹ̀ nítorí owó ńlá tó ń gbà àti ìgbá rẹ̀ tó ti lọ sílẹ̀. Ìyá náà ní kí wọ́n fún un láyè, pé ẹni tó gbà láti kọ́ iṣẹ́ tuntun lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìbàdí kò tíì sọ̀rètí nù. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Mo mọ àwọn tó máa ń sọ pé gbogbo ikọ̀ ló ní ìrètí nínú oṣù kẹta, nítorí náà ìrètí náà kò níye lórí. Mi ò gbà. Ní ọdún 2003, Tigers pàdánù eré 119 nínú 162; ní ọdún 2006, wọ́n gbá World Series. Ẹni tó jókòó ní Lakeland láàárín ọdún wọ̀nyẹn ti rí àwọn kan nínú wọn kí ayé tó rí wọn.

Eré àkọ́kọ́ sáà 2025 bọ́ sí ọjọ́ 27 oṣù kẹta, ní Los Angeles, pẹ̀lú Dodgers tí ife wà lọ́wọ́ wọn, Skubal ló sì kọ́kọ́ jù. Tigers padà sílé ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin láti kojú Chicago White Sox. Ẹ̀gbọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì wa, ní ẹ̀gbẹ́ ibùdó kìíní, kí a lè rí ẹni tí wọ́n fi síbẹ̀ dáadáa.