Páì makaróní bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Skọ́tláǹdì

Ẹni tó ń ṣe míìtì páì tà l'Ábẹ́òkúta mọ̀ pé bọ́tà tútù la fi ń po fúláwà, omi tútù la sì ń wọ́n sí i. Páì makaróní tí wọ́n ń jẹ ní Skọ́tláǹdì ò rí bẹ́ẹ̀. Omi híhó la fi ń po tiẹ̀. Wọ́n máa ń tà á ní pápá bọ́ọ̀lù, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, torí náà èèpo rẹ̀ gbọ́dọ̀ le kó sì dá dúró bí àwo kékeré. Kò ní ìdérí, ṣíìsì tó pọ́n ló bo ojú ẹ̀.

Fún mẹ́fà, ẹ wọn fúláwà gíráàmù 350, ọ̀rá 120, omi mílílítà 140 àti iyọ̀ ṣíbí tíì kan. Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún. Mùsùlùmí pọ̀ nílùú wa, ọ̀rá màlúù ni mo fara mọ́: ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ yọ́ ọ lórí iná jẹ́jẹ́, ẹ sẹ́ ẹ. Bọ́tà náà ṣeé lò, ṣùgbọ́n èèpo rẹ̀ kì í le tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbé omi, ọ̀rá àti iyọ̀ kaná. Gbàrà tó bá hó, ẹ dà á sáàárín fúláwà, kí ẹ sì rò ó kíákíá. Tọ́wọ́ bá ti lè gbà á, ẹ pò ó títí ara rẹ̀ á fi dán. Lílọ́wọ́ọ́rọ́ yẹn ló ń jẹ́ kó ṣeé nà. Tó bá tutù, ńṣe lá máa là, nítorí náà ẹ fi aṣọ bo èyí tí ọwọ́ ò tíì kàn. Gíráàmù 100 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi fúláwà pa ìgò jáàmù tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 9, ẹ gbé e lé e láàárín, kí ẹ máa fà á gòkè yí ìgò ká títí á fi ga tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ààbọ̀. Igun ìsàlẹ̀ ló máa ń nípọn jù, ibẹ̀ náà ni kì í jinná. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ kó fẹ́lẹ́ kí ẹ tó yọ ìgò.

Ẹ má tíì rọ nǹkan kan sí i! Ẹ gbé e sí fíríìjì láìbò ó, di ọjọ́ kejì. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bà á jẹ́: èèpo tí kò gbẹ á ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú ófùnù, makaróní á sì tú síta. Ọyẹ́ a máa tètè gbẹ ẹ́, ṣùgbọ́n lásìkò òjò, tí wọ́n bá tún múná lọ, ẹ fi bébà yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ so okùn mọ́ ọn, ẹ tẹ́ bébà sínú, ẹ da ẹ̀wà gbígbẹ kún un, kí ẹ yan án lásán fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ wá kó ẹ̀wà náà kúrò.

Makaróní gíráàmù 200: ẹ sọ̀ ọ́ nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú méjì kó pé iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára àpò tó wà nínú rẹ̀, torí á ṣì mu nínú ọbẹ̀. Fún ọbẹ̀, ẹ yọ́ bọ́tà gíráàmù 40, ẹ da fúláwà 40 sí i, ẹ rò ó fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ máa rọ mílíìkì mílílítà 400 sí i díẹ̀díẹ̀. Mílíìkì agolo tí kò ní ṣúgà, tí a fi omi là dọ́gbadọ́gba, dára. Ó gbọ́dọ̀ ki ju ẹ̀kọ mímu lọ. Ẹ gbé e kúrò lórí iná kí ẹ tó da ṣíìsì Cheddar gíráàmù 150 àti ata díẹ̀ sí i. Ṣíìsì tó bá bọ́ sínú ohun tó ń hó á dì wóró-wóró, òróró á yọ lójú ẹ̀, rírò kankan ò sì lè tún un ṣe.

Ṣé wàrà lè rọ́pò Cheddar? Wàrà tí wọ́n fi ewé bomubomu mú kó dì kì í yọ́, bí ẹ dín in, bí ẹ sè é. Kò lè di ọbẹ̀. Àmọ́ tí ẹ bá fọ́ gíráàmù 60 mọ́ makaróní, ó máa ń dùn ún jẹ gan-an.

Ẹ po makaróní mọ́ ọbẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ tutù kí ẹ tó rọ ọ́ sínú èèpo. Gbígbóná á tún sọ èèpo di rírọ̀. Ẹ wọ́n Cheddar gíráàmù 50 sójú wọn, kí ẹ yan wọ́n ní dígíríì 200 fún ìṣẹ́jú 30 sí 35. Ìsàlẹ̀ niná ófùnù gáàsì ti sábà ń wá, ẹ gbé wọn sí òkè fún ìṣẹ́jú 10 tó kẹ́yìn kójú wọn lè pọ́n. Tí wọ́n bá jáde, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kí inú wọn dì, kí ẹ tó gbé wọn.