Ọmọ mi ka owó mi síta ní pálọ̀ màmá mi

Àbùlà là ń jẹ lọ́wọ́. Ọjọ́ kejì ayẹyẹ àádọ́rin ọdún màmá mi ni, ní Òkè-Àdó, n'Íbàdàn. Àwọn àlejò ti túká, ó wá ku àwa ẹbí: ẹ̀gbọ́n bàbá mi, àǹtí mi tó wá láti Mọ́níyà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, àti àbúrò mi ọkùnrin tó ń ṣe tíṣà. Àǹtí mi ṣan ọwọ́ tán, ó kọjú sí ọmọ mi, ó fi òyìnbó bi í bóyá iṣẹ́ màmá rẹ̀ ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dáa. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, Yorùbá rẹ̀ kò tíì délé, èyí sì máa ń dùn mí, àmọ́ èsì tó fọ̀ lọ́jọ́ náà yé gbogbo ilé. Ó ní ó dáa, pé páùn mẹ́tàlá ni wọ́n ń san fún màmá òun ní wákàtí kan. Ó sì padà sórí ẹran rẹ̀.

Ọmọ àǹtí mi ti fa fóònù yọ. Páùn kan ti sún mọ́ 2,000 náírà. Ó ṣe é ní ìlọ́po mẹ́tàlá, ó gbójú sókè, ó ní, "26,000. Wákàtí kan ṣoṣo o, ẹ gbọ́ ná."

Láti oṣù Kìíní ọdún 2025 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti fi 80,000 náírà ṣe owó oṣù tó kéré jù fún òṣìṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo wa ní pálọ̀ la mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó wí i síta pé wákàtí mẹ́ta lọ́hùn-ún ni oṣù kan níbí, ṣùgbọ́n mo rí i bó ṣe ń kọjá lójú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àbúrò mi ò wojú mi rárá. Ó ń fi òkèlè yí ewédú po nínú abọ́, kò sì gbé e sẹ́nu.

Màmá mi ò pariwo. Ó pè mí wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. "Ta ló kọ́ ọmọ yìí ní kíka owó síta? Ta ló ń ka owó lójú ayé? Ìwọ náà gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà Èkó, o wá jẹ́ kí ọmọ máa kéde yín."

Mo ní, "Ẹ má bínú, mà." Mi ò lè sọ fún un nígbà yẹn pé èmi gan-an ni mo kọ́ ọ, àti pé mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ ọ ni. Ohun tó mú mi jókòó kọ èyí nìyẹn.

Mo mọ ibi tí màmá mi ti ń sọ̀rọ̀. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, a kì í sì í bi ènìyàn pé èló ló ń gbà. Ẹni tó bá béèrè pé báwo ni iṣẹ́, "a dúpẹ́" ló máa gbọ́, kó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kódà nígbà tí owó bá ká ìnáwó, a kì í sọ pé owó tó, àṣírí bò là ń wí. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Àfi bíi pé owó oṣù jẹ́ aṣọ, tó bá ti ṣí, ìhòòhò ló kù. Ìnáwó nìkan la máa ń jẹ́ kí ayé rí: aṣọ ẹbí, kánópì, màlúù, owó tí a ń lẹ̀ mọ́ iwájú orí. Ibi tí owó ti wá, ẹnu ò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Ó sì nídìí. Ẹni tí ẹbí bá ti mọ iye tó ń wọlé fún, wọ́n á ti bá a pín in tán kí oṣù tó parí, owó iléèwé níbí, owó oògùn lọ́hùn-ún. Ẹni tí àwọn ajínigbé bá mọ tirẹ̀, ẹ mọ ìyókù.

Ìdákẹ́jẹ́ yìí ni mo dì mọ́ ẹrù lọ sí Leeds ní ọdún 2023.

Iṣẹ́ care, ìyẹn títọ́jú arúgbó àti aláìsàn, ni mo lọ ṣe. Páùn 10.75 ni wọ́n kọ sínú ìwé mi fún wákàtí kan. Mi ò bi ẹnikẹ́ni ní tirẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, wọ́n fa ọmọbìnrin òyìnbó kan lé mi lọ́wọ́, ọmọ ọdún méjìlélógún, kí n kọ́ ọ níṣẹ́: bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ gbé arúgbó láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga, bí a ṣe ń kọ oògùn sílẹ̀ kí aláìsàn má bàa lò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ń rọ̀, a jókòó sínú mọ́tò rẹ̀ ká tó dé ilé ẹlòmíì. Ó ń jẹ ọ̀dùnkún díndín látinú bébà. Ó ní òun rí báàgì kan tó wu òun, àmọ́ páùn 11.60 tí wọ́n ń san fún òun ní wákàtí kan kò lè gbé e. Bí ẹni ń sọ aago tó lù ló ṣe sọ ọ́. Ó wá yíjú sí mi, ó béèrè tèmi.

Mo fèsì pé ó ń lọ, mo dúpẹ́.

Ó wò mí. Mo mọ̀ pé ó rò pé mi ò gbọ́ ìbéèrè òun yé ni. Lálẹ́ ni mo tó ṣírò rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì: 85 pẹ́ńsì lórí wákàtí, wákàtí 37.5 lọ́sẹ̀, ó lé ní páùn 127 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Èmi tí mo kọ́ ọ níṣẹ́ ni mò ń gbà dín.

Mo lọ bá máníjà. Dípò kó dá mi lóhùn, ó bi mí pé ta ló sọ fún mi. Ó ní ní ilé iṣẹ́ yìí àwọn kì í sọ̀rọ̀ owó, pé ó wà nínú ìwé àdéhùn tí mo fọwọ́ sí, ó sì fi ìka tọ́ka sí ibẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ohùn màmá mi ni mo gbọ́ lẹ́nu òyìnbó yẹn. Ọ̀rọ̀ kan náà, ìbáwí kan náà. Àmọ́ kì í ṣe àṣírí tèmi ni wọ́n ń bò níbẹ̀.

Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló là mí lójú. Nínú òfin ìdọ́gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Equality Act ti 2010, abala 77, irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ nínú ìwé àdéhùn kò lè di òṣìṣẹ́ lẹ́nu bó bá jẹ́ pé ohun tó ń wádìí ni bóyá nítorí ẹ̀yà tàbí àwọ̀ rẹ̀, tàbí nítorí pé ó jẹ́ obìnrin, ni owó fi yàtọ̀. Ó bá mi kọ lẹ́tà ojú ewé kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọ́n gbé tèmi dé 11.60, wọ́n san àjẹsílẹ̀, wọ́n ní àṣìṣe kọ̀ǹpútà ni.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, bóyá mi ò bá má kọ ọ́.

Obìnrin Ìsẹ́yìn kan wà tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ìyá ìbejì là ń pè é. A jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló ń bá mi dirun, èmi ni mo máa ń bá a lọ mú àwọn ìbejì ní iléèwé. Lọ́jọ́ tí àjẹsílẹ̀ mi wọlé, mo sọ iye rẹ̀ fún un ní kíṣìnnì rẹ̀. Ó dákẹ́ títí. Ó wọ yàrá, ó gbé páálí bàtà kan jáde. Ìwé owó oṣù rẹ̀ ló kún inú rẹ̀, ó ká ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí mẹ́rin. Nínú gbogbo wọn, lísàlẹ̀, wọ́n yọ páùn 150. Wọ́n ti sọ fún un pé owó tí ìjọba gbà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ nítorí rẹ̀ ni, kó máa san án padà díẹ̀díẹ̀. Immigration Skills Charge lorúkọ owó náà. Agbanisíṣẹ́ ni òfin dá a lé lórí, kò sì gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Oṣù mẹ́rìnlá. Páùn 2,100.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mò ń bi í pé, "Báwo ni iṣẹ́ o, ìyá ìbejì?" Á ní, "A dúpẹ́." Èmi náà á ní, "Ọlọ́run ṣeun." Ó ti pẹ́ tí kì í jẹ oúnjẹ ọ̀sán, kó lè rówó tan ẹ̀rọ amúlé-gbóná fún àwọn ọmọ rẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í jẹun lọ́sàn-án. Mo rò pé ààwẹ̀ àdúrà ni.

A sunkún lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́ fún yín. Kò sì jẹ́ ká kọ lẹ́tà. Ọwọ́ ilé iṣẹ́ náà ni físà rẹ̀ wà, bí wọ́n bá já a sílẹ̀, 60 ọjọ́ ni ìjọba ń fúnni láti rí agbanisíṣẹ́ mìíràn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kéèyàn kó ẹrù. Mi ò dá a lẹ́bi. Ìgbà tó ríṣẹ́ síbòmíràn ló tó béèrè owó rẹ̀, títí di òní ìdajì ló rí gbà. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń sọ iye tí mò ń gbà ketekete nínú ilé mi. Ọmọ mi ń gbọ́.

Obìnrin kan wà ní Alabama, l'Amẹ́ríkà, Lilly Ledbetter lorúkọ rẹ̀. Ọdún 1979 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ táyà. Nígbà tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, ó rí bébà kan láàárín lẹ́tà rẹ̀ níbi iṣẹ́, wọ́n kọ owó oṣù tirẹ̀ àti ti àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ sí i. Tirẹ̀ ló kéré jù. Ní 2007, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ ní ó ti pẹ́ jù kó tó fẹjọ́ sùn. Báwo lèèyàn ṣe ń fẹjọ́ ohun tí wọn ò jẹ́ kó mọ̀ sùn? Ní 2009 ni òfin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè jáde. Ẹni tó kọ bébà yẹn kò fọwọ́ sí i. Mo máa ń ronú kan ẹni yẹn gan-an ju Ledbetter lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà l'Ókè-Àdó, mo kó gbogbo rẹ̀ ro fún màmá mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà níbẹ̀, ẹni tó lo gbogbo ayé iṣẹ́ rẹ̀ ní Sẹkitéríàtì l'Ágodi. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé o ti gbàgbé Udoji ni, àfikún owó oṣù àwa òṣìṣẹ́ ìjọba? Nígbà tí Gowon san owó Udoji ní 1975, tòun ti àjẹsílẹ̀, ta ni kò mọ ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ gbà n'Íbàdàn? Level iṣẹ́ ìjọba, láti ìkíní dé ìkẹtàdínlógún, wọ́n tẹ gbogbo ẹ̀ síwèé. Tí mo bá yà ní Dùgbẹ̀, ẹni tó ń ta rédíò ti mọ owó ọwọ́ mi kí n tó na rédíò rẹ̀."

Màmá mi ní, "Bùọ̀dá, ìyẹn náà ni gbogbo ọjà ṣe gbówó lórí."

Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé kò sí akọ̀wé tí wọ́n lè yọ́ rẹ́ jẹ nígbà yẹn nígbà tí ẹni tó jókòó tì í wà ní level kan náà.

Mo ya ẹ̀yìn ìwé ètò ìdúpẹ́, mo kọ tèmi sí i, mo gbé e fún àǹtí mi. Páùn 2,112 lóṣù. Tí wọ́n bá yọ owó orí, owó National Insurance àti ti ìfẹ̀yìntì, bíi 1,730. Owó ilé, 950. Council tax, owó tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà lórí ilé, 125. Iná àti gáàsì, 150. Ọkọ̀, 200. Ẹni tó ń mú ọmọ dání kí n tó dé, 160. Ohun tó kù ká tó jẹun ni páùn 145, ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣiṣẹ́ Sátidé. Àǹtí mi wọ awò ojú rẹ̀, ó fi ìka tẹ̀lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún padà sí òkè. Ó ní, "Ilé yẹn ló ń gba gbogbo ẹ̀!" Ó yẹ kí n ti kọ́ ọmọ mi ní èyí náà. Ìdajì ìṣirò ni mo kọ́ ọ.

Nígbà tí wọ́n sùn tán, àbúrò mi wá bá mi ní báràńdà. Iná ò sí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, 45,000 ni tèmi." Ọdún mẹ́rin ló ti wà ní iléèwé aládàáni yẹn. Òfin ti gbé owó oṣù tó kéré jù dé 70,000 ní 2024, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò dé ibi tí òṣìṣẹ́ kò bá ti pé márùndínlọ́gbọ̀n, ẹni tó ni iléèwé sì máa ń rán wọn létí. Mo bi í pé èló ni àwọn tíṣà yòókù ń gbà. Ó ní, "A kì í sọ ọ́."

Ọjọ́ tí a máa padà, òun ló sìn wá dé àdúgbò Challenge. Ó ń to àpò sẹ́yìn mọ́tò, kò wojú mi, ó ní, "Mo pe tíṣà máàsì lánàá. 60,000 ni tòun. Ọdún tó kọjá ló sì dé."

"Kí lo wá sọ fún un?"

"Mo sọ tèmi. Ó dákẹ́ lórí fóònù. Ó ní òun rò pé èmi ni mò ń gbà jù." Ó pa ilẹ̀kùn bùùtù dé. "Màmá tó ń kọ́ wọn ní Yorùbá ló kù. Tí iléèwé bá ti wọlé, màá bi wọ́n."